Ṣé o mọ̀? Íńdíà, láti ìsọ̀ tíì dé òṣùpá

Ní Íńdíà, oní-tíì ẹ̀gbẹ́ títì kì í sábà wá ṣéńjì mọ́. Oníbàárà á na fóònù sí àmì onígun mẹ́rin tó lẹ̀ mọ́ ìsọ̀, owó á sì wọ báńkì lójú ẹsẹ̀. UPI, ètò ìsanwó orí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ló ń ṣe é; lóṣù Kẹjọ 2023 nìkan, ìsanwó orí rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 10.

Oṣù yẹn kan náà ni Chandrayaan-3, ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Íńdíà, gúnlẹ̀ nítòsí ìkangun gúúsù òṣùpá, ohun tí orílẹ̀-èdè kankan ò ṣe rí kó tó dìgbà náà. Ìjọba Íńdíà láwọn máa gbé ènìyàn dé òṣùpá tó bá fi máa di 2040. Ó ṣeé ṣe! Àmọ́ wíwá iṣẹ́ fún àìmọye ọ̀dọ́ ló le jù lójú tèmi, torí Íńdíà ti kọjá Ṣáínà ní iye ènìyàn báyìí.