Alùpùpù Oníná Tí A Lè Kàn Nílé: Bátìrì àti Bíréèkì Ni Ẹ̀mí Rẹ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù May 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, kò sí ilé kan ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù kò kàn. Lítà kan tí kò tó náírà 200 ní ilé epo ìjọba di nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí oṣù October 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Olùkọ́ ilé-kéú tí ń gun alùpùpù lọ kọ́ àwọn ọmọ ní abúlé, ìyá tí ń kó gàrí wá sí Ọjà Akẹ̀sán, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ti Táàkìé lọ sí yunifásítì LAUTECH, gbogbo wọn ni owó ọkọ̀ ń jẹ lérè.

Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń wá ọgbọ́n mìíràn. Lẹ́yìn ìrun Iṣáì ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ iṣẹ́ rìwáyà bi mí pé: “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò lára alùpùpù bàbá mi, tí mo fi mọ́tò iná àti bátìrì rọ́pò rẹ̀, ṣé kò lòdì sí ẹ̀sìn?”

Mo ní: “Ọmọ mi, kò lòdì. Ṣùgbọ́n ṣé o ti bi bàbá rẹ?”

Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ìbéèrè náà tó ohun tí à ń wádìí. Mo tọ àwọn oníṣẹ́ irin àti àwọn tí ń tún bátìrì ṣe lọ, èyí sì ni kókó ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa: ẹ̀rọ yìí ṣe é kàn nílé, ó sì ń dín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń ṣọ́ owó ná lórí gbogbo ara rẹ̀, kí ó má ṣọ́ owó ná lórí bátìrì àti bíréèkì. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà.

ÀWỌN TÍ Ó TI ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Ọkọ̀ tí iná ń wà ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1881 ni Gustave Trouvé, ará Faransé, fi mọ́tò iná àti bátìrì sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ó sì gùn ún ní ìgboro Paris. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1886, ni Karl Benz ti Jámánì tó gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ bẹntiróòlù tirẹ̀. Bẹntiróòlù ni ó borí nígbà náà, nítorí pé bátìrì ayé àtijọ́ wúwo, agbára rẹ̀ sì kéré. Nígbà tí Sony ti Jàpáànù gbé bátìrì lítíọ́ọ̀mù dé ọjà ní 1991, ọ̀nà tún bẹ̀rẹ̀ sí í là fún ọkọ̀ oníná.

Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sọ ọkọ̀ Volkswagen, èyí tí a ń pè ní ìjàpá, di èyí tí ń lo agbára oòrùn àti afẹ́fẹ́ ní 2014. Ó gbé pátákó sólà lé e lórí, àwọn ohun àlòkù tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ fún un sì wà lára ohun tí ó fi ṣiṣẹ́. Ní Máídúgùrì, Mustapha Gajibo ń yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò nínú bọ́ọ̀sì kéékèèké, ó sì ń fi mọ́tò iná rọ́pò rẹ̀. Òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ kàn jákèjádò ayé ní 2021.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà kò sùn. Ní Èkó, Adétáyọ̀ Bámidúró àti Chinedu Azodoh dá MAX sílẹ̀ ní 2015, ilé-iṣẹ́ náà sì bọ́ sí ọ̀rọ̀ alùpùpù oníná lẹ́yìn náà. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, Spiro bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2022. Bí bátìrì ọlọ́kadà bá tán níbẹ̀, yóò yà sí ibùdó, yóò fi èyí tí ó tán sílẹ̀, yóò sì gba èyí tí ó kún. Ẹni tí kò bá ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní ìtòsí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa òní wà fún, nítorí ilé ni yóò ti kàn án, ilé náà ni yóò sì ti máa fi iná sí i.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ Ó PARA PỌ̀ DI ALÙPÙPÙ ONÍNÁ

Èkínní ni irin ara rẹ̀. Alùpùpù àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú ni ó dára jù. Mobílẹ́ẹ̀tì tí bàbá-àgbà gbé ti ògiri náà lè wúlò, bí ìpẹtà kò bá tíì jẹ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere lásán kò tó, nítorí pé ẹsẹ̀ ènìyàn ni a ṣe fóòkì àti bíréèkì rẹ̀ fún. Wẹ́dà yóò jó àpótí irin mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì wà tẹ́lẹ̀, kí bátìrì lè jókòó sí ìsàlẹ̀ láàárín. Bí a bá gbé ẹrù bátìrì sí ẹ̀yìn lókè, ọkọ̀ náà yóò máa fẹ́ dà ní kọ́nà. Ní ti ìjókòó, kí ará Ọ̀yọ́ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Ìlú oníṣọ̀nà awọ ni Ọ̀yọ́, ọmọ ẹni tí ó mọ gàárì ẹṣin í ṣe kò ní rí ìjókòó alùpùpù bí iṣẹ́ ńlá.

Èkejì ni mọ́tò. Inú hóòbù táyà ẹ̀yìn ni ó máa ń wà. Kò ní ṣéénì, kò ní gíà, kò sì ní ọ́ìlì tí a ń pààrọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà kọ́pà tí a wé ni ó wà nínú rẹ̀. Bí iná bá gba inú wáyà kọjá, wáyà náà a di mágínẹ́ẹ̀tì, wọn a máa ti ara wọn, wọn a máa fa ara wọn, táyà a sì máa yí. Mọ́tò wátì 1,000 tó fún ènìyàn kan àti ẹrù díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kọ́ntírólà, àpótí kékeré tí ń wọn iná fún mọ́tò bí ẹni tí ń gùn ún bá ṣe lọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ṣájà tí a fi ń fi iná sí bátìrì.

Ẹ̀karùn-ún ni bátìrì, òun ni ó gba owó jù. Bátìrì alásíìdì volt 12 mẹ́rin tí a so tẹ̀lé ara wọn jẹ́ volt 48. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ampere-hour 20, ẹ sọ 48 di ìlọ́po 20, yóò jẹ́ wátì-wákàtí 960. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì kan nínú iná tí a ń rà sí mítà ilé. Ṣùgbọ́n alásíìdì wúwo, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ní kìlógíráàmù 20. Bí a bá sì ń lò ó gbẹ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ìdajì agbára rẹ̀ ni ó yẹ kí a máa lò kí a tó tún fi iná sí i. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń pẹ́. Oríṣi rẹ̀ tí a ń kọ LiFePO4 sí lára kì í tètè gbiná bí àwọn ìyókù, òun ni mo sì gba ẹni tí ó ní ọmọ nílé níyànjú láti rà, bí ó tilẹ̀ wọ́n.

YÓÒ HA DÉ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́ BÍ?

Alùpùpù kékeré tí kò sáré àsápajúdé ń jẹ nǹkan bíi wátì-wákàtí 25 sí 30 lórí kìlómítà kan. Nítorí náà bátìrì lítíọ́ọ̀mù 960 yóò gbé ènìyàn rin bí kìlómítà 30 sí 38. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó kìlómítà 50. Ẹni tí ó bá fi bátìrì kan ṣoṣo gbéra yóò fi ẹsẹ̀ ti alùpùpù rẹ̀ wọ Ògbómọ̀ṣọ́.

A lè ní kí a di bátìrì méjì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ ọ̀nà náà, tírélà àti tánkà ni ó kún un, ẹ̀mí tí ó sì ti bọ́ sí i kò kéré. Ẹ̀rọ àtọwọ́ṣe tí eré rẹ̀ kò ju kìlómítà 40 ní wákàtí kan lọ kò ní ohun tí ó ń wá láàárín àwọn tírélà. Ìgboro ni ibi tirẹ̀: láti Ọwọ̀dé dé Akẹ̀sán, láti Awẹ́ wọ Ọ̀yọ́, láti Táàkìé dé ẹnu-ọ̀nà LAUTECH.

Níbẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà. Nígbà tí bátìrì bá gbẹ, yóò fà tó yúníìtì kan àti díẹ̀ kí ó tó kún. Ní oṣù April 2024, ìjọba gbé owó yúníìtì àwọn tí ó wà ní Band A sí náírà 225. Nígbà náà, iná tí kò tó náírà 300 ni yóò gbé ènìyàn rin kìlómítà 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí wé owó lítà bẹntiróòlù kan. Níbi tí iná NEPA kò bá sí, pátákó sólà wátì 300 tí ó rí oòrùn dáradára fún wákàtí márùn-ún lè kún bátìrì náà lójúmọ́.

IBI TÍ EWU WÀ

Kò sí ará Ọ̀yọ́ tí a ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ohun tí iná ń ṣe. Ní ọjọ́ 5 oṣù January 2020, iná jó Ọjà Akẹ̀sán, ọjà ńlá ìlú náà, ọ̀pọ̀ ìyá wa sì pàdánù ohun tí wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ kó jọ. Iná bátìrì lítíọ́ọ̀mù burú ní tirẹ̀: ó lè sọ padà lẹ́yìn tí a bá rò pé ó ti kú, májèlé sì ni èéfín rẹ̀. Ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 18 ni iná tí irú bátìrì yìí dá sílẹ̀ pa ní ọdún 2023 nìkan. Ìlú tí ó ní panápaná ní gbogbo àdúgbò nìyẹn o.

Nítorí náà, kí ẹni tí yóò kàn án kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí bátìrì lítíọ́ọ̀mù náà ní pátákó aṣọ́bátìrì tí a ń pè ní BMS. Òun ni ó ń dá iná dúró bí bátìrì bá kún jù, bí ó bá gbẹ jù, tàbí bí wáyà bá kan ara wọn.

2. Kí a má ṣa bátìrì jọ láti inú kọ̀ǹpútà àlòkù. Agbára wọn kò dọ́gba mọ́, èyí tí ó rẹ̀ nínú wọn ni yóò kó bá àwọn tókù.

3. Mọ́tò wátì 1,000 lórí volt 48 ń fa ampere tí ó lé ní 20. Wáyà tí a fi ń so gílóòbù nínú ilé yóò gbóná, ike rẹ̀ yóò sì yọ́. Wáyà tí ó nípọn ni kí a lò, kí fíúsì sì wà ní ìtòsí bátìrì gan-an.

4. Ìta ni kí a ti máa fi iná sí i, lójú ẹni tí ó jí. Kí a má ṣe é nínú yàrá tí ọmọ ń sùn, tàbí ní ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ilé yóò gbà sá jáde. Kí ṣájà sì jẹ́ èyí tí a ṣe fún irú bátìrì náà.

5. Ẹ́ńjìnnì epo máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ bí a bá ti tú ọwọ́ sílẹ̀. Mọ́tò inú hóòbù kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, yíyí ni yóò máa yí lọ. Bíréèkì nìkan ni ó kù tí yóò dá a dúró. Kí bíréèkì wà ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, kí á sì fi súwíìṣì sí i tí yóò pa mọ́tò bí a bá ti tẹ bíréèkì. Pápá gbalasa ni kí a ti kọ́kọ́ dán an wò, láìgbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn.

6. Kí a dé akoto, kí a sì gba nọ́ńbà. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin akoto múlẹ̀ ní January 2009, àwọn ọlọ́kadà kan fi igbá àti ike ọ̀dà borí. Ọ̀yọ́ ni ìlú igbá fínfín lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ rí pé igbá gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ọ̀dà títì.

ÒYE TÍ ẸSÌN WA FÚN WA

Àwọn kan máa ń rò pé ọ̀rọ̀ irin àti wáyà kò kan mọ́sálásí. Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Al-Kùránì pé Òun rọ irin fún Ànábì Dáúdà, Ó sì pa á láṣẹ pé kí ó wọn òrùka ẹ̀wù irin tí ó ń ṣe kí ó gún régé. Ẹ wo bí ó ti rí: ẹni tí ó jẹ́ ànábì, tí ó tún jẹ́ ọba, a kò yọ̀ǹda fún un kí ó fi ojú lásán díwọ̀n ohun tí yóò dáàbò bo ẹ̀mí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni wẹ́dà tí ó jó irin ní ìjókujòó, tí ó sì fi ọ̀dà bò ó, kò tẹ̀lé ọ̀nà Dáúdà, bí ó tilẹ̀ ń kírun nígbà márùn-ún lóòjọ́.

Gbogbo wa náà ni a sì mọ ìtàn ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Èsì tí ó gbà ni pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé E. Fíúsì àti bíréèkì ni okùn ràkúnmí ti ayé òde òní. Ẹni tí kò bá fi wọ́n sí i, kí ó má ṣe sọ pé kádàrá ni bí ọmọ rẹ̀ bá fara pa. Àmáánà ni ìyàwó àti ọmọ tí a gbé sẹ́yìn alùpùpù jẹ́ lọ́rùn wa.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Àwọn mọ́sálásí kan ti ní sólà tí ń fa omi. Owó ìjọ ni a fi rà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti ibẹ̀ fi iná sí bátìrì rẹ̀, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kí ó sì san owó tí wọ́n bá dá lé e. Kí ó má dúró de ìgbà tí a bá wà nínú ìforíkanlẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ó bá ń tú rédíò yín wò, tí ó ń so wáyà mọ́ wáyà, ẹ má kàn lù ú. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́, kí ó kọ́ ọ dójú àmì. LAUTECH tí a dá sílẹ̀ ní 1990 wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín, ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti iná. Wẹ́dà àti rìwáyà wà ní àdúgbò gbogbo. Bí àwọn tí ó mọ ìwé àti àwọn tí ó mọ ọwọ́ bá jókòó pọ̀, alùpùpù tí wọn yóò kàn yóò ṣe é gùn, a ó sì lè gbé ọmọ lé e láìbẹ̀rù.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa ní àlọ, kí Ó ṣọ́ wa ní àbọ̀. Àmín.