Ìdí tí Ọkọ̀ Àfà fi Ń Fì, àti Àtúnṣe Rẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ ni ó mọ ọkọ̀ àfà, èyíinì ni pẹpẹ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a fi ìkọ́ irin so mọ́ ìdí ọkọ̀ mìíràn, láti fi ru iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí àgbá omi. Nígbà tí katakata bá ń fà á láti oko dé abúlé, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, nítorí katakata kì í sáré. Ṣùgbọ́n bí a bá so ọkọ̀ àfà kan náà mọ́ píkọ́ọ̀pù, tí a sì gbé e bọ́ sí ọ̀nà ọlọ́dà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún sósì bí ejò. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, òun ni yóò máa darí ọkọ̀ tí ń fà á, ó sì lè gbé àwọn méjèèjì ṣubú sínú kòtò.

Àwọn mìíràn a máa wí pé afẹ́fẹ́ ni, tàbí pé ọ̀nà kò dára. Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ tírélà ńlá tí ń kọjá lè bẹ̀rẹ̀ ìfì náà. Ṣùgbọ́n bí a ti di ẹrù ni ó sábà ń bọ́ ọ dàgbà. Ẹni tí ó bá ti fa ọmọlanke rí mọ̀ pé bí ẹrù bá pọ̀ jù ní ìdí rẹ̀, ọwọ́ tí òun dì mú yóò fẹ́ gbé òun sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ àfà rí. Imú rẹ̀ a fúyẹ́ lórí ìkọ́. Bí ìdí rẹ̀ bá sì ti yà lẹ́ẹ̀kan, ìwúwo ẹrù ni yóò gbé e kọjá ààyè rẹ̀ sí òdì kejì. Bí ọkọ̀ bá rọra ń lọ, táyà tí ó di ilẹ̀ mú yóò pa ìfì náà. Bí eré bá kọjá ìwọ̀n kan, ìfì kọ̀ọ̀kan yóò tóbi ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ọkọ̀ tí ó ń lọ jẹ́ẹ́ ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan ṣe lè di ẹhànnà ní 90.

Ìwọ̀n tí àwọn amòye ń tẹ̀lé ni pé kí imú ọkọ̀ àfà tẹ ìkọ́ pẹ̀lú ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwúwo gbogbo rẹ̀. Bí ọkọ̀ àfà àti ẹrù rẹ̀ bá jẹ́ kílò 1,000, kí imú náà wọn kílò 100 sí 150, èyíinì ni àpò sìmẹ́ǹtì méjì sí mẹ́ta. A lè gbé e lé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn kòkó, ní gíga kan náà pẹ̀lú ìkọ́. Bí ó bá fúyẹ́ jù, kí a kó àwọn àpò wíwúwo wá síwájú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kí a má sì ṣe àṣejù, nítorí imú tí ó wúwo jù a máa tẹ ìdí píkọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀, sítíárìn a sì fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Àgbá omi tí kò kún kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí omi ń ṣí kiri nínú rẹ̀. Kí a wo táyà pẹ̀lú, bóyá afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé, àti ìkọ́, bóyá kò mì.

Bí ìfì bá bá awakọ̀ lójú ọ̀nà, kí ó di sítíárìn mú ní títọ́, kí ó má bá a jà, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀ títí eré yóò fi rọlẹ̀. Kí ó má ṣe tẹ bíréèkì ọkọ̀ lójijì, nítorí ẹrù ẹ̀yìn yóò ṣì máa ti ọkọ̀ tí ó fẹ́ dúró. Àwọn awakọ̀ kan ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn pé kí ó fi eré kún un kí ọkọ̀ àfà lè nà. Ìmọ̀ràn búburú nìyí, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Bí ọkọ̀ àfà bá ní bíréèkì tirẹ̀ tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, òun nìkan ni kí a lò. Lẹ́yìn náà kí awakọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ó sì tún ẹrù náà dì kí ó tó tẹ̀síwájú.