Yíyan Ìdin fún Oúnjẹ Ọmọńlé Alámì-Ẹkùn: Ohun tí Orúkọ Kò Sọ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò àwọn ìdin tí a fi ń bọ́ ọmọńlé alámì-ẹkùn, ẹranko afàyàfà kan tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú ilé. A fi hàn pé àwọn ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kó jọ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo kì í ṣe irú kan náà. Ìwọ̀n kálísíọ́mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀rá àti omi inú wọn, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tóbi tó, ni ó yẹ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n. A sì sọ ohun tí ẹ̀kọ́ yìí túmọ̀ sí fún olùkọ́ tí ń fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ìfáárà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ọmọńlé. Ara ògiri ni ó ń gbé, kòkòrò ni ó sì ń jẹ. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan kan tí kì í gun ògiri. Eublepharis macularius ni orúkọ tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún un. Edward Blyth ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1854. Leopard gecko ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, nítorí àmì dúdú tí ó wà káàkiri ara rẹ̀ bí ti ẹkùn. Nínú iṣẹ́ yìí, ọmọńlé alámì-ẹkùn ni a ó máa pè é.

Ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta ní Afghanistan, Pakistan àti ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Íńdíà ni ibùgbé rẹ̀. Ó ní ìpéǹpéjú tí ó lè pa dé, èyí tí ọmọńlé ara ògiri kò ní. Kò ní ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ògiri lábẹ́ ìka ẹsẹ̀. Inú ìrù rẹ̀ ni ó ń kó ọ̀rá pamọ́ sí de ìgbà ọ̀wọ́n. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sìn ín, ó sì lè lo ọdún 15 sí 20 lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa rárá. Hemitheconyx caudicinctus, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà nínú ìdílé kan, ń gbé ní ilẹ̀ ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Senegal títí dé àríwá Kamẹrúùnù. A ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Tógò, Gánà àti Bẹ̀nẹ̀ lọ tà fún àwọn tí ń sin ẹranko lókè òkun. Ohun tí a ó sọ nípa oúnjẹ ọ̀kan bá ti èkejì mu ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà, nítorí pé àwọn méjèèjì kì í jẹ ewé tàbí èso. Kòkòrò tí ń rìn ni ojú wọn ń rí, òun náà ni wọ́n ń lé.

Ìṣòro Orúkọ

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, worm, ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun púpọ̀ tí Yorùbá yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí ó wà nínú ikùn ènìyàn ni aràn. Èyí tí ń wà nínú ilẹ̀ tútù ni ekòló. Ọmọ kòkòrò tí kò tíì yọ ìyẹ́ ni ìdin. Nígbà tí ọlọ́jà bá sọ pé òun ń ta mealworm, superworm, waxworm tàbí silkworm, kò sí aràn tàbí ekòló kankan nínú wọn. Ìdin ni gbogbo wọn: àwọn méjì àkọ́kọ́ yóò di kòkòrò tí ìyẹ́ rẹ̀ le, àwọn méjì tí ó kẹ́yìn yóò di àfòpiná.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Àwọn kan ń fi ekòló ńlá bọ́ ẹranko yìí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ekòló pupa tí wọ́n ń lò láti sọ pàǹtírí di ilẹ̀dú, Eisenia fetida, máa ń sun omi òórùn búburú jáde láti ara rẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, kò sì yẹ fún oúnjẹ.

Àpẹẹrẹ tí ó tún gba àkíyèsí ju èyí lọ ni ti silkworm. Bombyx mori ni kòkòrò náà, ewé igi mọ́líbẹ́rì ni ó ń jẹ, àwọn ará Ṣáínà sì ti ń sìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn nítorí òwú dídán tí ó ń pèsè. Yorùbá náà ní kòkòrò tí ń pèsè òwú. Òwú rẹ̀ ni a fi ń hun aṣọ sányán. Yóò wu olùkọ́ láti túmọ̀ silkworm sí kòkòrò sányán. Ìtumọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó léwu. Ìdílé Anaphe ni kòkòrò sányán, irun ara rẹ̀ sì ń yún ènìyàn. Ní 1993, Bola Adamolekun tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé jíjẹ Anaphe venata ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni ó fa àìsàn kan tí ń wáyé lásìkò òjò, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè dúró tàbí rìn dáadáa. Èròjà kan wà nínú kòkòrò náà tí ń ba fítámì B1 jẹ́. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìtumọ̀ yẹn yóò gbé kòkòrò oníwàhálà síwájú ẹranko rẹ̀, yóò sì rò pé òun ń tẹ̀ lé ìwé.

Òṣùwọ̀n Mẹ́ta

Bí orúkọ kò bá tó fi yan oúnjẹ, kí ni ó tó? Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni a ó gbé yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni kálísíọ́mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí kálísíọ́mù inú oúnjẹ tó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tàbí kí ó tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí kálísíọ́mù kò bá tó, ara ẹranko yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà á láti inú egungun. Àgbọ̀n yóò rọ̀, ẹsẹ̀ yóò tẹ̀, ara yóò máa gbọ̀n, nígbà tí ó bá yá, ẹranko náà kò ní lè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Àìsàn yìí kì í yá kánkán hàn. Ẹranko tí ń jẹun yó lójoojúmọ́ lè máa ní in lọ láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Èkejì ni ọ̀rá àti omi. Ọ̀rá díẹ̀ ṣe é lóore, àpọ̀jù rẹ̀ a máa sọ ọ́ di ọ̀lẹ, a sì máa ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni bí ìdin ṣe tóbi tó. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: ìdin kò gbọdọ̀ nípọn ju àlàfo tí ó wà láàárín ojú méjèèjì ẹranko náà lọ.

Àwọn Ìdin ní Ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ìwádìí tí Mark Finke tẹ̀ jáde ní 2002 àti 2013 ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí ó wà nínú àwọn ìdin wọ̀nyí.

Ìdin ìyẹ̀fun, Tenebrio molitor, ni mealworm. Nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 ara rẹ̀ jẹ́ èròjà amúaradàgbà, ìdá 13 sì jẹ́ ọ̀rá. Ó rọrùn láti sìn, kò wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé nínú kìlógíráàmù kan, nǹkan bí mílígíráàmù 170 péré ni kálísíọ́mù rẹ̀, nígbà tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ tó 2,850. Èyí túmọ̀ sí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì fi ìlọ́po 17 ju kálísíọ́mù lọ. Àwọn kan gbà pé ìdin yìí lè jẹ ara ẹranko láti inú jáde lẹ́yìn tí ó bá gbé e mì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹranko náà ti ń rún un kí ó tó gbé e mì, omi inú ikùn yóò sì parí ìyókù.

Zophobas morio ni superworm. Ó tóbi jù, ọ̀rá rẹ̀ tó ìdá 18 nínú 100, kálísíọ́mù rẹ̀ kò sì sàn ju ti ìdin ìyẹ̀fun lọ. Ẹnu rẹ̀ le, ó lè gé ẹranko jẹ bí a bá fi í sílẹ̀ nínú àpótí. Ọmọńlé tí ó ti dàgbà nìkan ni ó tọ́ sí.

Ìdin afárá oyin, Galleria mellonella, ni waxworm. Ọ̀tá àwọn tí ń sin oyin ni. Ọ̀rá rẹ̀ tó ìdá 25 nínú 100, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ sì fi ìlọ́po mẹ́jọ ju kálísíọ́mù lọ. Ó wúlò fún ẹranko tí àìsàn ti mú rù. Fún èyí tí ara rẹ̀ dá, ìpanu ni, kì í ṣe oúnjẹ. Bí ó bá mọ́ ọn lẹ́nu, ó lè kọ àwọn ìdin mìíràn.

Bombyx mori tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú rọ̀, ọ̀rá rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100 lọ, omi rẹ̀ sì tó ìdá 83. Ó dára fún ẹranko tí ó ti sanra jù, ṣùgbọ́n kálísíọ́mù rẹ̀ náà kéré sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì.

Ìdin eṣinṣin Hermetia illucens, tí àwọn àgbẹ̀ kan ní Nàìjíríà ti ń sìn fún oúnjẹ ẹja àti adìẹ, yàtọ̀ pátápátá. Nínú kìlógíráàmù kan, Finke rí mílígíráàmù 9,340 kálísíọ́mù àti 3,560 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Òun nìkan nínú àwọn márùn-ún yìí ni kálísíọ́mù rẹ̀ ju fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lọ. Síbẹ̀, awọ rẹ̀ ni púpọ̀ kálísíọ́mù náà wà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2008 lórí irú ọ̀pọ̀lọ́ kan fi hàn pé ọ̀pọ̀lọ́, tí kì í rún oúnjẹ, kì í rí gbogbo rẹ̀ lò àfi bí a bá lọ ìdin náà. Ohun tí a fi bọ́ ìdin náà sì lè mú kí kálísíọ́mù rẹ̀ pọ̀ tàbí kí ó dín.

Bí a Ṣe Ń Tún Ìdin Ṣe

Nítorí àléébù wọ̀nyí, kò yẹ kí a gbé ìdin láti inú agolo sí iwájú ẹranko lásán. Ọ̀nà méjì ni a fi ń tún un ṣe. Èkíní, a ó fi oúnjẹ tí kálísíọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ ìdin náà fún ọjọ́ kan sí méjì kí a tó lò ó, nítorí pé ohun tí ó wà nínú ikùn ìdin ni yóò wọ ikùn ọmọńlé. Èkejì, a ó bu ìyẹ̀fun kálísíọ́mù lé e lára nígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Fítámì D3 ni ó ń jẹ́ kí ara gba kálísíọ́mù náà. Inú ìyẹ̀fun tí a pò ó mọ́ tàbí lára ìtànṣán iná àkànṣe ni ẹranko ti ń rí i. Ilẹ̀ àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ó móoru, nǹkan bí ìwọ̀n 32 Sẹ́ńtígíréèdì, kí oúnjẹ lè dà nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń jẹun lójoojúmọ́; àgbà ń jẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Àǹfààní fún Olùkọ́

Àpótí ìdin ìyẹ̀fun kan ti tó láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpele ìgbésí ayé kòkòrò láti ẹyin dé àgbà, láìná owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe kó kòkòrò inú igbó fún ẹranko tí a ń sìn. Oògùn apakòkòrò lè wà lára rẹ̀, ó sì lè ní oró tirẹ̀. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn pé àwọn afàyàfà kan tí a ń sìn kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ tanátaná irú Photinus.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ìdin kan tí ó dá tó ẹranko yìí. Ìdin ìyẹ̀fun àti ìdin Hermetia lè jẹ́ ìpìlẹ̀, kí a fi Bombyx kún un, kí a fi ìdin afárá oyin ṣe ìpanu ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìyẹ̀fun kálísíọ́mù má sì wọ́n. Ní ti èdè, kí olùkọ́ tó túmọ̀ orúkọ ohun abẹ̀mí kankan, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó jẹ́, ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí yóò dà lọ́la. Bí Yorùbá bá ti ní orúkọ tí ó bá a mu, kí ó lò ó. Bí kò bá sí, ó sàn kí a fi orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ pè é ju kí a fún un ní orúkọ ohun mìíràn lọ.