Comfort Ọmọge: Obìnrin tó gbé ohùn Ìkálẹ̀ sínú àwo

Bí wọ́n bá fi orin olóògbé Comfort Ọmọge síta ní Òkìtìpupa, ní Ìrèlè tàbí ní Ìkòyà, àgbàlagbà kankan kò ní í béèrè ẹni tó ń kọ ọ́. Kí akọrin tó dé ìlà kejì, wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ ilé ni. Aṣíkò Ìkálẹ̀ rèé, orin tí obìnrin náà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kúrò ní ojú agbo ìnáwó, tí wọ́n gbé e sínú àwo.

Orúkọ aṣíkò ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní ìgboro Èkó láwọn ọdún 1920, orin kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlù onígun mẹ́rin ni wọ́n sì ń lù sí i. Ó wà lára ohun tí jùjú ti jẹyọ, kí Túndé King tó gbé jùjú sínú àwo lọ́dún 1936. Ṣùgbọ́n ti Ìkálẹ̀ ní ìlù, ìjó àti àṣà ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. I.K. Dáíró gba oyè MBE lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1963. Sunny Adé, tí í ṣe ọmọ Oǹdó, gbé àwo "Juju Music" jáde ní ilé iṣẹ́ Island lọ́dún 1982, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ orin, Yorùbá tí tolórí-tẹlẹ́mù gbọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi kọrin, torí àwo tó bá yé èrò púpọ̀ ló ń yá lọ́jà.

Comfort Ọmọge kò tọ ọ̀nà yẹn. Obìnrin ni, òun ni olórí ẹgbẹ́, ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ ló sì fi kọrin. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, kó bi ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà nítòsí.

Kékeré kọ́ lohun tó ṣe yìí. Láti ìgbà tí odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde lọ́dún 1884, Yorùbá àjùmọ̀lò ló gba ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìròyìn kan. Ìró "gh" tí àwọn ará Ìkálẹ̀ ń pè kò tilẹ̀ sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí à ń kọ́ ọmọ. Ohun tí ìwé kò gbà, àwo gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ìyá ṣe ń pa òwe, tí wọ́n ń kini, tí wọ́n sì ń báni wí nílẹ̀ Ìkálẹ̀, yóò rí i níbẹ̀.

Àmọ́ àwo ti dohun àtijọ́. Kásẹ́ẹ̀tì gba ipò rẹ̀, fóònù sì gba ipò kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀dọ́ ń rí díẹ̀ nínú orin náà gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n fóònù kò lè sọ ẹni tó lu ìlù, ẹni tó gbe orin, tàbí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó ta kókó. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà nìyẹn wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí àwo náà ṣì wà nínú àpótí yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kó o dànù. Ẹ pe ọmọ-ọmọ tó mọ̀wé jókòó, ẹ ṣàlàyé orin náà fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ayé yín ló dára kó ti ṣe é.