Ọwọ́ Ni, Kì í Ṣe Oògùn: Bí Ìyá Ilé Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Idán Pípa

Bí a bá dárúkọ onídán láàárín àwa Yorùbá, ohun méjì ni ó sábà máa ń wá sí ọkàn wa: ẹ̀rín àti ìfòyà. Ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wo onídán ní ọjọ́ àríyá ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n tí yóò fa ọmọ náà sẹ́yìn kíá bí ọkùnrin náà bá ní kí ó wá fi ọwọ́ kan àpótí òun. Ẹ̀yin olùkà mi ọ̀wọ́n, n kò dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, nítorí kò sí ẹni tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn án rí. Ìdí náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní oṣù yìí, kí ẹ sì kọ́ idán mẹ́ta tí ẹ lè fi ohun tí ó wà nínú ilé yín pa fún àwọn ọmọ yín.

Idán kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Skọ́tlándì, dé Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eégún alárìnjó ṣe eré fún un ní ààfin. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun rí erè ńlá kan tí ó jáde wá láti inú àpò, pẹ̀lú ẹnì kan tí ó múra bí òyìnbó, tí òtútù ń mú, tí ó sì ń fín áṣáà. Ṣùgbọ́n àlejò náà là ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì rí i pé aṣọ tí a kùn ni awọ erè náà. Ní ayé tiwa yìí, Professor Peller, ọmọ Ìsẹ́yìn tí ó di olóògbé ní ọdún 1997, ni orúkọ rẹ̀ kàn jù lọ. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá a sì máa bá a ṣe eré náà lórí pèpéle. Ẹ̀rù a máa ba ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá ń wò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti í lọ kọ́ aṣọ rírán.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó rọrùn jù. Ẹ bu omi sínú àwo funfun tí ó tẹ́, kí ẹ wọ́n ata gígún díẹ̀ sí i, ata náà yóò sì léfòó. Ṣáájú èyí, ẹ ti fi ọṣẹ olómi díẹ̀ ra orí ìka yín kan. Ẹ ní kí ọmọ kọ́kọ́ ti ìka tirẹ̀ bọ àárín omi. Ata kò ní ṣe ohunkóhun. Nígbà tí ẹ bá wá fi ìka tiyín kàn án, ṣe ni ata yóò sá lọ sí etí àwo bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ojú omi le tantan bí awọ ìlù. Ibi tí ọṣẹ bá kàn ni yóò dẹ̀, omi tí ó kù á sì fà sẹ́yìn, á gbé ata lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọṣẹ bá ti wọ inú omi náà, idán náà kò tún ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí ẹ ó fi fọ àwo, tí ẹ ó sì pààrọ̀ omi. Kí gbogbo ọmọ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ata kò mọ ojú ọmọ yàtọ̀.

Ti ẹyin rọrùn bákan náà. Gíláàsì omi méjì ni ẹ ó gbé sílẹ̀. Ẹ ti po iyọ̀ ṣíbí ìjẹun mẹ́ta mọ́ ọ̀kan, títí ó fi yòrò tán tí omi náà mọ́. Ẹyin tútù yóò rì nínú omi lásán, yóò sì léfòó nínú omi iyọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ sí ẹyin náà kí ó tó léfòó ni yóò mú àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

Méjèèjì yìí, iṣẹ́ ọṣẹ àti ti iyọ̀ ni. Ẹ̀kẹta ni ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ gan-an, òun ni ó sì gba sùúrù. Ọmọ ayò kan ni ẹ nílò. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka àárín ọwọ́ òsì di ọmọ ayò náà mú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kí gbogbo ènìyàn rí i. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún wá bí ẹni tí ó fẹ́ gbà á: kí àtàǹpàkò ọ̀tún gba abẹ́ ọmọ ayò kọjá, kí ìka mẹ́rin yòókù sì bò ó láti iwájú. Bí wọ́n ti bò ó báyìí, ẹ dẹ àtàǹpàkò òsì díẹ̀, ọmọ ayò yóò sì rọra já bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ẹ di ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀, kí ẹ gbé e sókè lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ ṣí i: òfo ni!

Ojú yín ni aṣojú idán yìí. Ibi tí ẹ bá ń wò ni àwọn ọmọ yóò máa wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ojú yín tẹ̀lé ọwọ́ ọ̀tún tí ó ṣófo. Àṣìṣe tí gbogbo ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń ṣe ni kí ó yọ́ ojú wo ọwọ́ òsì, tàbí kí ó di í pinpin bí ẹni tí ó fẹ́ jà. Ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yín. Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ ayò náà láti òsì sí ọ̀tún ní tòótọ́ ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ wo bí ó ti rí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ti ẹ̀tàn kí ó jọ tòótọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, nígbà tí ẹ̀wà bá wà lórí iná, tó.

Bí àwọn ọmọ bá pariwo pé kí ẹ tún un ṣe, ẹ má ṣe gbà. Ní ìgbà kejì, wọ́n ti mọ ibi tí wọn yóò wò. Ẹ má sì ṣe sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Iná, abẹ, abẹ́rẹ́ àti ohunkóhun tí a ń fi sí ẹnu kò sí nínú idán inú ilé, ẹ sì kó àwọn ọmọ ayò pamọ́ kúrò lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́, nítorí ó lè há a lọ́fun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò fẹ́ fi ṣeré. Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ yín láé pé ẹ ní agbára kan, ìbáà jẹ́ àwàdà. Ọmọ yóò sọ ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, yóò sọ ọ́ létí ìyàwó aládùúgbò, ẹ sì mọ bí wọ́n ti ń pe obìnrin ní àjẹ́ láìnídìí. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1584, Reginald Scot tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti já irọ́ ọ̀rọ̀ àjẹ́, ó sì tú àṣírí àwọn onídán síbẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé ọwọ́ yíyá lásán ni. Onídán tí ó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ní ẹ̀tọ́ láti pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Ìyá kò ní in. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà rò ó fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ wá fi hàn án.

Ẹ ti gbọ́ nípa àwọn gbájúẹ̀ tí ń dúró ní gáréèjì àti ní ẹnu ọjà. Wọn a ní kí ìyá ọlọ́jà kó owó rẹ̀ wá kí wọ́n gbàdúrà sí i kí ó lè di ìlọ́po. Wọn a di í sínú aṣọ ìnujú, wọn a dá a padà fún un, wọn a ní kí ó má tú u títí ọjọ́ méje. Nígbà tí ó bá tú u, bébà ni ó bá níbẹ̀. Gbogbo wa ni a ó sọ pé oògùn ni wọ́n fi mú un, olè náà sì fẹ́ kí a máa sọ bẹ́ẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ni, ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ọmọ ayò: aṣọ méjì tí ó jọra, àti ojú tí a darí sí ibòmíràn. Ọmọ tí ó ti bá yín ṣe eré yìí yóò béèrè pé, “Ọwọ́ kejì wọn ńkọ́?”

Bí ìyá ọkọ yín bá wà nílé, ẹ fún wọn ní àga iwájú ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pa á. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti wo eégún alápidán nígbà èwe wọn, kí wọ́n sì ní ìtàn tí yóò gba ojú gbogbo yín. Nígbà tí ọwọ́ yín bá sì ti mọ́ ti ọmọ ayò dáadáa, ẹ wá ife mẹ́ta tí kò ṣeé wo inú wọn láti ìta, kí ẹ fi àkísà ká bọ́ọ̀lù kékeré mẹ́rin. Mẹ́ta ni àwọn ọmọ yóò rí. Ẹ̀kẹrin yóò ti wà lábẹ́ ife kan kí wọ́n tó jókòó.