Yìnyín Èso fún Àwọn Ọmọ Wa

Ní Ìdúmọ̀tà, gbogbo ìgbà lọmọ ń béèrè ohun tútù. Àmọ́, yìnyín kì í pa gbogbo kòkòrò àrùn. Omi tí kò dáa, bó dì gbagidi, kò dáa náà ni. Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2024, tí kọ́lẹ́rà jà ní Èkó, tó sì dé Erékùṣù Èkó níbí. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe é nílé.

Ẹ fọ ọwọ́ àti máńgòrò tó pọ́n dáadáa. Ẹ bẹ ẹ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ má sẹ́ ẹ. Bó bá ki jù, ẹ bu omi tí ẹ ti sè, tó sì ti tutù, sí i. Ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ dà á sínú ife kékeré, kó sùn nínú fírísà. Bí iná bá lọ tó yọ́, ẹ mu ún kó tó gbóná. Ẹ má tún un dì.