Ǹjẹ́ Òòrùn Lè Gbé Ọkọ̀ Wa Rìn?

Bí ẹ bá dúró ní Dùgbẹ̀ ní agogo méje òwúrọ̀, ohun tí gbogbo ará Ìbàdàn mọ̀ dunjú ni ẹ ó rí: Micra tẹ̀ lé Micra, èrò há mọ́ra nínú wọn bí iṣu inú apẹ̀rẹ̀, èéfín sì ń jáde nídìí wọn. Awakọ̀ kan ń pe èrò Challenge, òmíràn ń pe ti Bódìjà. Láàárín wọn ni ẹ ó ti rí báàsì ilé-ìwé tí ó dàgbà ju gbogbo àwọn ọmọ tí ó kó sínú lọ, tí ó ń wúkọ́ bí arúgbó tí òtútù mú.

Kí ni ó ń jẹ awakọ̀ àti ọlọ́kọ̀ lọ́kàn? Owó epo ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún, 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí ó tó di ọjọ́ náà, lítà kan kò tó 200 náírà ní ilé-epo ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá, 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Owó ọkọ̀ gòkè. Owó ata pẹ̀lú gòkè ní ọjà Bódìjà, nítorí ata kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ọjà. Owó báàsì tí òbí ń san lórí ọmọ náà kò dúró síbi tí ó wà.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń béèrè pé: ǹjẹ́ a kò lè yọ ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ àtijọ́ wa kúrò, kí a fi ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń yí rọ́pò rẹ̀, kí òòrùn tí Ọlọ́run ń mú ràn lé wa lórí láìgba kọ́bọ̀ sì máa fún un ní agbára? Ìbéèrè tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n owó kékeré kọ́ ni yóò gbé e. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò, kí baálé ilé má baà fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ra ohun tí kò ní rìn.

Àwọn tí ó ti dán an wò

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Ní 2014, ìròyìn kàn dé òkè òkun nípa Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, ẹni tí ó ń kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ó mú ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́, irú èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá, ó gbé páńẹ́lì sólà ńlá lé e lórí, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré tí afẹ́fẹ́ ń yí sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ran òòrùn lọ́wọ́. Nǹkan bí ọdún kan ni ó fi ṣe é. Owó rẹ̀ tó nǹkan bí 6,000 dọ́là, púpọ̀ nínú ohun èlò náà sì jẹ́ èyí tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí fi ta á lọ́rẹ. Ó ní láti fi ohun tí ó lágbára gbé ìdí ọkọ̀ náà ró nítorí ìwúwo bátìrì, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni bátìrì náà sì ń gbà kí ó tó kún. Ẹ fi ohun méjì yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí wọn: bátìrì wúwo, bátìrì sì ń fẹ́ àkókò.

Lókè Ọya, ní ìlú Máídúgùrí, Mustapha Gajibo, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi yunifásítì sílẹ̀ láìparí ẹ̀kọ́, dá ilé-iṣẹ́ Phoenix Renewables sílẹ̀. Ó ń yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú àwọn báàsì kékeré, ó ń fi bátìrì sí i. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan báàsì elérò méjìlá tirẹ̀, pẹ̀lú páńẹ́lì sólà. Ní orílẹ̀-èdè Kenya, ilé-iṣẹ́ Opibus, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2017, tí orúkọ rẹ̀ sì di Roam ní 2022, sọ àwọn ọkọ̀ tí ń kó àlejò lọ wo ẹranko inú igbó di ọkọ̀ oníná. Àlejò gbádùn rẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí kò pariwo kì í lé ẹranko sá.

Ohun tí a ń yọ, àti ohun tí a ń fi sí i

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ nìyí. Mẹkáníìkì yóò yọ ẹ́ńjìnnì, táǹkì epo, rédíétọ̀ àti páìpù èéfín. Ní ipò wọn, yóò fi ẹ̀rọ oníná sí i, yóò fi bátìrì sí i, yóò fi àpótí kan tí ń díwọ̀n iná gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, àti chájà. Àwọn jíà lè dúró síbi tí wọ́n wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Kí ni èrè rẹ̀? Nínú agbára tí ó wà nínú epo bẹntiróòlù, bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú márùn-ún ni ó ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ nínú ìlú. Ìyókù ń di ooru tí ń jó bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ oníná ní tirẹ̀ ń lo ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá agbára tí a fún un. Kò mọ póọ̀gì, kò mọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣe é. Micra tí ara rẹ̀ yá lè mu lítà 6 sí 7 nínú ìrìn 100 kìlómítà. Bí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, ó di 6,000 sí 7,000 náírà. Micra kan náà, bí a bá sọ ọ́ di oníná, yóò jẹ bí yúnìtì iná 15, kí a sọ pé 18 pẹ̀lú èyí tí ń ṣòfò nígbà tí a bá ń cháàjì. Ní oṣù Kẹrin, 2024, nígbà tí wọ́n fi owó kún iná àwọn oníbàárà Band A, yúnìtì kan jẹ́ 225 náírà. Ìyẹn jẹ́ 4,050 náírà. Bí ó bá sì jẹ́ páńẹ́lì ti ara ẹni ni, òòrùn kì í fi bíìlì ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi jẹnẹrétọ̀ cháàjì ọkọ̀ rẹ̀, kí ó tètè jókòó. Epo tí ó sá fún ní ilé-epo ni ó tún ń rà fún jẹnẹrétọ̀.

Orí ọkọ̀ kò fẹ̀ tó

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe. Wọ́n rò pé bí a bá ti gbé páńẹ́lì lé orí Micra, ó parí. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Páńẹ́lì kan ṣoṣo ni orí Micra lè gbà dáadáa, ká sọ pé ti 400 wáàtì. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ tí òòrùn bá mú, yóò mú bí yúnìtì kan àti ààbọ̀ wá láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Yúnìtì kan àti ààbọ̀ kò lè gbé Micra kọjá nǹkan bí kìlómítà 10. Kò ju kí ó ti Challenge lọ sí Dùgbẹ̀ kí ó sì padà. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Micra tí ń ná Ring Road láti ìdájí di alẹ́ lè rin kìlómítà 120. Yúnìtì 18 ni yóò jẹ, èyí tí páńẹ́lì 12 yóò pèsè. Páńẹ́lì 12 kò lè gùn orí Micra, ṣùgbọ́n ó lè gùn orí ilé tàbí orí ibùdókọ̀. Nítorí náà, orí ilé ni kí páńẹ́lì wà, kí ọkọ̀ máa wá jẹun níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn dìde. Ọ̀sán ni òòrùn ń ràn, ọ̀sán náà sì ni Micra wà lójú títì, tí ó ń wá owó. Ìgbà tí oúnjẹ délẹ̀, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kò sí nílé. Ní Benin àti Togo, ilé-iṣẹ́ Spiro ti ń fi ọgbọ́n kan yanjú èyí fún àwọn ọlọ́kadà láti 2022: ọlọ́kadà yóò kó bátìrì tí ó ti tán fún wọn, yóò gba èyí tí ó kún, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bátìrì ọkadà ni ọwọ́ ènìyàn lè gbé. Ti Micra kò ṣeé gbé bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tí ń sinmi lọ́sàn-án

Ọkọ̀ wo ni òòrùn wá lè bọ́? Ọkọ̀ tí ń sinmi lọ́sàn-án ni, èyí tí ó rìn díẹ̀, tí ó sì ń padà síbi kan náà lójoojúmọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ti mọ ọkọ̀ náà. Báàsì ilé-ìwé ni!

Ẹ wò ó. Yóò jáde ní ìdájí, yóò kó ọmọ ní Agbowó àti Bódìjà, yóò dé ọgbà ilé-ìwé kí agogo mẹ́jọ tó lù. Láti ìgbà náà títí di bí agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí òòrùn gbóná jù lọ, ó dúró ni. Wákàtí mẹ́fà nìyẹn, bátìrì ọmọ Ifẹ̀ kò sì ju mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Bí báàsì náà bá ń rin kìlómítà 40 lóòjọ́, yúnìtì 10 ló máa ń jẹ. Páńẹ́lì 7 tó o ní ọjọ́ òòrùn. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ 10 nítorí òjò. Òrùlé iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì gbà á, àyè sì ṣẹ́ kù. Ní ọjọ́ Sátidé àti ní àkókò ìsinmi, páńẹ́lì wọ̀nyí yóò máa fa omi kànga sókè, wọn yóò sì máa yí fáànù, jẹnẹrétọ̀ yóò sì sinmi.

Àǹfààní kan wà tí owó kò lè kà. Báàsì tí kò ní páìpù èéfín kò lè tú èéfín sí imú ọmọ tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée mọ ohun tí a ń sọ.

Kí ẹ tó ná owó

A kò ní tan yín. Bátìrì ni ó ń jẹ owó jù. Ní 2024, iye tí wọ́n ń ta bátìrì líthíọ́mù ní ọjà àgbáyé jẹ́ bí 115 dọ́là fún ààyè yúnìtì kọ̀ọ̀kan. Bátìrì tí ó gba yúnìtì 20 yóò jẹ́ 2,300 dọ́là. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, ó lé ní 3,400,000 náírà, láìtíì ka owó ọkọ̀ ojú omi, owó ibodè, ẹ̀rọ oníná àti iṣẹ́ ọwọ́. Báàsì tí ń mu lítà 5 lóòjọ́ yóò dá nǹkan bí 950,000 náírà padà nínú 190 ọjọ́ ilé-ìwé. Nítorí náà, bátìrì nìkan yóò gbà tó ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ kí ó tó san gbèsè ara rẹ̀. Kì í ṣe òwò ọlọ́jọ́ kan. Bí àwọn òbí bá dá àjọ fún un láìsí èlé nínú, yóò rọrùn ju kí ilé-ìwé lọ yá owó èlé lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ má ṣe yọ ẹ́ńjìnnì tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí ẹ bá ti ń múra láti lọ ra tòkunbọ̀, ìgbà náà ni kí ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo ìdí ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. A kì í fi aṣọ tuntun lẹ àkísà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tò àwọn bátìrì olójé tí a ń lò fún ínfátà sínú ọkọ̀ yín nítorí pé ó dínwó. Èyí tí ó gba yúnìtì 20 yóò wúwo tó 570 kílò. Ó dà bí àgbàlagbà mẹ́jọ tí wọ́n ń wọkọ̀ lójoojúmọ́ láìsanwó. Irú ti líthíọ́mù tí ó ní irin nínú kò ju bí 170 kílò lọ, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ.

Iná inú ọkọ̀ wọ̀nyí lè pa ènìyàn. Kì í ṣe iṣẹ́ fún réwáyà ẹ̀bá ọ̀nà tí kò kọ́ ọ rí, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó lórí iná wáyà kékeré. Ẹ wá ẹni tí ó kọ́ ọ, kí ó fi ọkọ̀ tí ó ti ṣe hàn yín, kí ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Bátìrì gbọ́dọ̀ wà níbi tí àgbàrá òjò kò lè dé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ìwé ọkọ̀, nítorí náà ẹ tún ìwé náà ṣe, kí ọlọ́pàá má baà dá awakọ̀ dúró ní Mọ́kọ́lá pẹ̀lú ọmọ nínú ọkọ̀.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń wa Micra láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọjọ́ yín ń bọ̀, bí iye owó bátìrì bá ń wálẹ̀ bí ó ti ń wálẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ibùdókọ̀ sì ní páńẹ́lì tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páńẹ́lì kan ṣoṣo orí ọkọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín kí ọjọ́ náà tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin onílé-ìwé àti ẹ̀yin òbí, ẹ kò ní láti dúró dìgbà náà. Nígbà tí ẹ bá tún ṣe ìpàdé òbí àti olùkọ́, tí ọ̀rọ̀ owó báàsì bá tún dìde, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta péré: kìlómítà mélòó ni báàsì wa ń rìn lóòjọ́? Wákàtí mélòó ni ó ń dúró nínú òòrùn? Ọdún mélòó ni ó kù fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀? Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó mọ̀ bóyá òòrùn Bódìjà lè gbé àwọn ọmọ yín lọ sí ilé-ìwé.